Wílì díìsìkì tí kò ní kówó ẹni jẹ: ti kẹ̀kẹ́ kan ní Ìgbógbó

Ọmọ Ìgbógbó (Manchester)
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Àbúrò mi tó wà nílé ló ni kẹ̀kẹ́, èmi ni wọ́n ní kí n sanwó. Mountain bike tòkunbọ̀ ni, ó ń gùn ún láti Ìgbógbó lọ síbi iṣẹ́ ní Odógunyàn. Bíréèkì onírọ́bà tó ń fún rímù ló wà lára ẹ̀. Tí òjò bá ti rọ̀, tí ẹrẹ̀ bo rímù, ẹsẹ̀ ló kù tó fi ń dúró lójú ọ̀nà Ṣàgámù, pẹ̀lú gbogbo tírélà yẹn. Ó ní bíréèkì díìsìkì lòun fẹ́, èyí tó ń fún irin pẹlẹbẹ róbótó tó wà láàárín wílì. Ẹ̀gbọ́n wa kan ń lọ sílé ní Disẹ́ńbà, wọ́n á bá wa gbé e. Wílì tó ń gba díìsìkì tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ jù, owó wọn ò sì jọra. Èwo ló lágbára tí kò wọ́n?

Bàbá Ìbejì (Rotterdam)
Má tíì sanwó. Ṣé férémù yẹn níbi tí wọ́n ń de bíréèkì díìsìkì mọ́ rárá? Kó wo apá òsì lẹ́yìn, níbi tí wílì ti wọ férémù. Ihò bọ́ọ̀tù méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀. Kó fi rúlà wọ̀n ọ́n láti àárín ihò kan sí àárín ìkejì: 51 mílímítà ni oríṣi tí wọ́n ń pè ní IS, 74 ni èyí tí wọ́n ń pè ní post mount. Kó wo ẹsẹ̀ òsì fọ́ọ̀kì náà. Bí ti iwájú bá wà tí ti ẹ̀yìn ò sí, ẹ ṣe iwájú nìkan, torí iwájú ló ń dá kẹ̀kẹ́ dúró jù. Ẹ fi wílì àtijọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn nígbà yẹn, nítorí ọ̀pọ̀ rímù díìsìkì ò ní ojú tí rọ́bà lè fún. Irin tí wọ́n ń tà pé kéèyàn fi de bíréèkì mọ́ férémù tí kò níhò, èmi ò ní fi sára kẹ̀kẹ́ ọmọ mi.

Ọmọ Ìgbógbó
Ẹ ṣé sà. Ó ti fi fọ́tò ránṣẹ́: 51 lẹ́yìn, 74 níwájú. Ó tún ní irin tó gba àárín wílì ẹ̀yìn kọjá ti tẹ̀. Òun ti pààrọ̀ ẹ̀ rí, ó tún tẹ̀.

Àǹtí Calgary
Irin tó ń tẹ̀ yẹn ni kó o fi yan wílì, kì í ṣe àwọ̀ rímù. Oríṣi họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, ìyẹn àárín wílì tí sípókù ti ń yọ, méjì ló wà. Ti àtijọ́ ni wọ́n ń pè ní freewheel: odidi gíà ni wọ́n ń yí mọ́ họ́ọ̀bù bí ìdérí ìgò. Bíárìn apá ọ̀tún wá jókòó sínú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn gíà, irin náà sì nà jáde títí dé férémù láìsí ohun tó gbé e ró. Bí kẹ̀kẹ́ bá já sí kòtò pẹ̀lú ẹrù, ibẹ̀ ló ti ń tẹ̀. Ìkejì ni ti kásẹ́ẹ̀tì. Kásẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àkójọ gíà, ń wọ orí freehub, apá họ́ọ̀bù tó ń yí, bíárìn ọ̀tún sì wà nítòsí férémù. Ti kásẹ́ẹ̀tì ni kó o rà, bó ti wù kí freewheel pọ́ọ́kú tó. Bí gíà ẹ̀yìn ẹ̀ bá jẹ́ méje, kásẹ́ẹ̀tì oníméje á wọ freehub Shimano ti 8, 9 tàbí 10, kẹ́ ẹ sáà ti fi òrùka 4.5 mílímítà sẹ́yìn ẹ̀.

Kó tún wọn fífẹ̀ ibi tí wílì ń wọ̀. Ti irú kẹ̀kẹ́ yẹn sábà máa ń jẹ́ 135 lẹ́yìn, 100 níwájú. Èyí tí wọ́n kọ 142, 148 tàbí Boost sí, irin nínípọn ló ń lò, kò ní wọ̀ ọ́. Owó wọn lè dùn létí o, má dá a lóhùn. Kó ka ẹ̀gbẹ́ táyà pẹ̀lú: 559 ni wílì 26, 584 ni 27.5, 622 ni 29.

Bọ̀dá Leeds
Àǹtí ti sọ̀rọ̀. Èmi máa ń hun wílì lọ́wọ́, ẹ jẹ́ n sọ ti sípókù. Bíréèkì onírọ́bà, rímù ló ń dì mú. Díìsìkì, họ́ọ̀bù ló ń dì mú, sípókù ló wá ń gbé agbára yẹn dé rímù àti táyà. Ìdí nìyẹn tí sípókù wílì díìsìkì fi ń gba orí ara wọn kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dáa jù. Èyí tó yọ tààrà láti họ́ọ̀bù dé rímù, fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń sáré ìje. Wá èyí tó ní sípókù 32, tó o bá rí 36 fún ẹ̀yìn, má jẹ́ kó lọ. Kó jẹ́ stainless. Kí nípùlù ẹ̀, nọ́ọ̀tì kékeré tó ń di sípókù mọ́ rímù, sì jẹ́ idẹ, má gba alumíníọ́ọ̀mù: ó máa ń jẹrà mọ́ sípókù, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yí i, á fọ́ sí wọn lọ́wọ́. Rímù double wall, tó ní ògiri méjì, ni, fífẹ̀ inú ẹ̀ láti 19 dé 25 mílímítà fún táyà 2.1.

Ẹ̀rọ ló ń hun púpọ̀ nínú àwọn tí kò wọ́n, sípókù wọn sì lè dẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Kí àbúrò ẹ máa fọwọ́ fún sípókù méjì-méjì mọ́ra yí wílì ká. Èyí tó bá rọ̀ ju àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, kí wọ́n dì í. Apá kan náà ni kó fi wéra o, torí lẹ́yìn, apá ọ̀tún máa ń le ju òsì lọ.

Ẹ̀gbọ́n Sábó (Ìkòròdú)
Èmi tí mo wà nílé ni wọ́n máa gbé e wá bá, ẹ gbọ́ tèmi. Họ́ọ̀bù oníbọ́ọ̀lù àti kọ́ọ̀nù ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, irú Shimano Deore. Màá tú u, màá fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, màá kó gíríísì tuntun sí i, ó parí. Bọ́ọ̀lù 1/4 íǹṣì ni ti ẹ̀yìn, mẹ́sàn-án lápá kan. 3/16 ni ti iwájú, mẹ́wàá lápá kan. Ẹ fi sípánà pẹlẹbẹ 13, 15 àti 17 sí i, torí èyí tó wà lọ́wọ́ mi ti nípọn jù.

Díìsìkì oníbọ́ọ̀tù mẹ́fà ni kẹ́ ẹ rà. Center Lock, tí òrùka kan ń dì mú, náà dáa, ṣùgbọ́n ó fẹ́ irinṣẹ́ mìíràn, nígbà tí T25 kan ṣoṣo, kọ́kọ́rọ́ onírawọ̀, tó fún bọ́ọ̀tù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bíréèkì olókùn ni o! Bí ẹ bá fi olóyìlì ránṣẹ́, omi ara ẹ̀ ò jọra: Shimano ń lo mineral oil, àwọn mìíràn ń lo DOT, bí wọ́n bá sì da èyí tí kò yẹ sí i, rọ́bà inú ẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Avid BB7 ti mountain bike, olókùn ni, á bá ọwọ́ bíréèkì tó wà lórí kẹ̀kẹ́ yẹn ṣiṣẹ́.

Ẹ wo ihò ẹnu túùbù lára rímù kẹ́ ẹ tó sanwó. 8.5 mílímítà ni ti ẹnu túùbù tó dà bíi ti mọ́tò, èyí tí gbogbo vọ́kànáísà ń fún láfẹ́fẹ́. Ti Presta tín-ín-rín, 6.5 ni, ẹ̀rọ wọn ò sì bá a mu. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yẹn máa ti kẹ̀kẹ́ láti Ògòlóntò wálé nítorí afẹ́fẹ́.

Ọmọ Ìgbógbó
Háà, ẹ̀gbọ́n, mi ò ronú kan ti vọ́kànáísà rárá. Ó dáa, họ́ọ̀bù Deore oníkásẹ́ẹ̀tì, 135 àti 100, bọ́ọ̀tù mẹ́fà, sípókù 32. Díìsìkì ńkọ́, 160 àbí 180 mílímítà?

Bọ̀dá Leeds
160 lẹ́yìn. 180 níwájú tí fọ́ọ̀kì bá gbà á, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹni tó ṣe fọ́ọ̀kì sọ. Ẹ ra bírákẹ́ẹ̀tì tó bá ìwọ̀n díìsìkì àti ihò mu, torí IS lẹ́yìn àti post mount níwájú ò lo irú kan náà.

Bàbá Ìbejì
Tú díìsìkì kúrò lára wílì kẹ́ ẹ tó dì í, ó máa ń tẹ̀ nínú ẹrù. Kó o fi páálí sáàárín wílì méjèèjì. Àpò tí gígùn, ìbú àti gíga ẹ̀ lápapọ̀ kò ju 158 sẹ̀ntímítà lọ ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bààlúù ń gbà bí ẹrù lásán, wílì 26 méjì á sì wọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n bá dè é tán, kó má gbé e lọ sójú ọ̀nà Ṣàgámù lọ́jọ́ náà. Àdúgbò ni kó ti kọ́kọ́ máa sáré díẹ̀ kó máa fún bíréèkì, lọ́pọ̀ ìgbà, títí pádì àti díìsìkì á fi mọ ara wọn.

Ẹ̀gbọ́n Sábó
Kí ẹ̀gbọ́n tó ń gbé e bọ̀ má sì fi díìsìkì yẹn sínú àpò kan náà pẹ̀lú ìpara. Bí òróró bá ti kàn án, á kàn máa ké ni, kò ní di nǹkan kan mú.