Function mi ti di oní-parameter mọ́kànlá, ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni mo gbé wá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ function (àkójọ àṣẹ tó ń ṣe iṣẹ́ kan) tó ń ṣe rìsíìtì yìí, parameter, ìyẹn nǹkan tó ń gbà, méjì péré ló ní: orúkọ àti iye owó. Ọ̀gá ní kí n fi ẹ̀dínwó sí i. Ó di VAT, ó di èdè, ó di ímeèlì. Ẹ wo bí a ṣe ń pè é báyìí:

risiti("Aduke", 4500, True, False, None, True)

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fi True (bẹ́ẹ̀ ni) síbi tó yẹ kí False (bẹ́ẹ̀ kọ́) wà. Kò sí error kankan, àmọ́ odindi ọ̀sán la fi ń fún ẹni tí kò tọ́ sí ní ẹ̀dínwó. Ṣé kí n kúkú kó gbogbo rẹ̀ sínú kwargs, àpò tó ń gba ohunkóhun tí a bá dárúkọ fún un?

Ìyá Ìbejì: Má dán an wò! Bí ẹnìkan bá ṣèèṣì kọ edinwoo dípò edinwo, kwargs á gbé e mì láìsọ̀rọ̀. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni kó o fi sí i:

def risiti(oruko, iye, *, edinwo=False, vat=True, ede="yo"):

Ohun tó bá wà lẹ́yìn ìràwọ̀ yẹn, dandan ni kí ẹni tó ń pè é dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ju True lásán sí i, TypeError, error tí Python fúnra rẹ̀ máa ń gbé jáde, ló máa bá pàdé. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ tún gbogbo ibi tẹ́ ẹ ti ń pè é ṣe ná.

Bàbá Tẹ́ẹ̀sì: Òótọ́ ni màmá sọ, àmọ́ mọ́kànlá ṣì ni mọ́kànlá. Pylint gan-an, irinṣẹ́ tó ń yẹ kóòdù wò, tó bá ti ju márùn-ún lọ, á pariwo. Àwọn wo ló máa ń rìn pọ̀? Orúkọ, ímeèlì àti èdè, ti oníbàárà ni. Kó wọn sínú dataclass, irú class tó wà fún kíkó dátà pọ̀, ó ti wà láti Python 3.7. Fi frozen=True sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà yí i padà lọ́nà. True tó kẹ́yìn yẹn ńkọ́?

Olùbéèrè: Òun ló ń sọ bóyá ká fi ránṣẹ́, sà.

Bàbá Tẹ́ẹ̀sì: Function méjì lo lẹ̀ pọ̀ nìyẹn. Ṣíṣe rìsíìtì lọ́tọ̀, fífi ránṣẹ́ lọ́tọ̀.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo fi grep, irinṣẹ́ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, wá a, ibi 37 la ti ń pè é. Kò sì sí tẹ́ẹ̀sì (kóòdù tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa) kankan.

Ìyá Ìbejì: Háà! Kọ tẹ́ẹ̀sì ẹ̀dínwó yẹn lálẹ́ yìí, kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun.