Ọmọ wa wà ní kíláàsì kẹwàá ní Texas: kí ni ó yẹ kí a ti máa ṣe nípa kọ́lẹ́ẹ̀jì?

Ìyá Moyọ̀, Houston

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́. Ìbàdàn ni èmi àti ọkọ mi ti parí ilé ìwé gírámà, ohun tí a sì mọ̀ ni pé bí ọmọ bá ti dé SS3, tí ó jókòó ti ìwé dáadáa fún WAEC àti JAMB, ọ̀nà yunifásítì ti là fún un. Ọmọbìnrin wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kẹwàá, èyí tí í ṣe ọdún kejì rẹ̀ ní háí sukúù, ilé ìwé rẹ̀ sì ti ń pe àwa òbí sí ìpàdé nípa kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bàbá rẹ̀ ní ó ti yá jù, ṣùgbọ́n ọkàn tèmi kò balẹ̀. Ọmọ náà fẹ́ràn ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí, A àti B ni ó sì ń gbà, àfi ìṣirò tí ó ń fún un ní wàhálà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí a mójú tó lọ́dún yìí gan-an, kí sì ni ó lè dúró di ọdún tó ń bọ̀?

Agbaninímọ̀ràn, Dallas

Ẹ kú àníyàn ọmọ, Ìyá Moyọ̀. Iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn ni mo ń ṣe ní háí sukúù ìjọba, mo sì bẹ Bàbá Moyọ̀ pé kí wọ́n má ṣe sọ pé ó ti yá jù. Nílé, ìdánwò àṣekágbá ni ó ń pinnu. Ọmọ tí kò ṣe dáadáa ní SS1 ṣì lè fi WAEC tún ọ̀nà ara rẹ̀ ṣe. Níbí, gbogbo máàkì láti kíláàsì kẹsàn-án ni wọ́n ń kó sínú ìwé kan ṣoṣo, láti inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣírò GPA, èyí tí í ṣe ìpíndọ́gba máàkì ọmọ. Nígbà tí ọmọ bá ń béèrè fún àyè ní ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì kejìlá, èsì ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ń rí, ọdún tí ẹ wà nínú rẹ̀ yìí sì jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta náà.

Ní Texas, ọ̀rọ̀ yìí tún ní òfin nínú. Láti ọdún 1997 ni òfin ti wà pé ọmọ tó bá wà lára ìdá 10 nínú 100 tó mókè jù ní kíláàsì rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí àyè ní yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀. University of Texas ti Austin ni òfin gbà láàyè láti dín iye náà kù. Wọ́n ti sọ ọ́ di 5 nínú 100 fún àwọn tó ń wọlé láti 2026. Ṣùgbọ́n ipò yẹn nìkan kò tó, nítorí ọmọ gbọ́dọ̀ parí ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Distinguished Level of Achievement, ẹ̀kọ́ ìṣirò Algebra II sì jẹ́ dandan nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìṣirò ọmọ yín fi ká mi lára ju ti SAT, ìdánwò ìgbaniwọlé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, lọ. Bí ó bá jẹ́ Geometry ni ó ń ṣe lọ́dún yìí, Algebra II ni yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni èyí tó ga jù ú lọ. Bí ó bá kùnà nínú ti ìsinsìnyí, gbogbo ìyókù ni yóò sún sẹ́yìn. Ẹ lọ bá olùkọ́ ìṣirò rẹ̀ kí káàdì èsì tó jáde. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó ń ran ọmọ lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé ìwé láìgba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa máa ń tijú láti lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kí ó kó ẹ̀kọ́ AP, ìyẹn ẹ̀kọ́ onípele kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ń ṣe ní háí sukúù, mẹ́rin tàbí márùn-ún jọ lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé ọmọ ẹnìkan ní ìjọ ṣe bẹ́ẹ̀. AP Biology lè dúró di ọdún tó ń bọ̀. Bí ilé ìwé bá fi PSAT, èyí tí í ṣe ìdánwò ìmúrasílẹ̀ fún SAT, lọ̀ ọ́, kí ó ṣe é gẹ́gẹ́ bí ìgbáradì. Ti oṣù October kíláàsì kọkànlá ni wọ́n fi ń yan àwọn tó ń díje fún ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ National Merit. Ìdánrawò SAT wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Khan Academy, SAT fúnra rẹ̀ sì lè dúró di kíláàsì kọkànlá.

Bàbá Ìbejì, Maryland

Ìyá Moyọ̀ kò béèrè nípa owó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó kò lè dúró di ọdún tó ń bọ̀. Fọ́ọ̀mù FAFSA, tí a fi ń béèrè ìrànwọ́ owó kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, kì í wo owó tó wọlé fún òbí lọ́dún tí ọmọ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ti ọdún méjì ṣáájú ni ó ń wò. Bí ọmọ yín yóò bá wọlé ní 2028, ìwé owó orí ọdún 2026 ni wọn yóò yẹ̀ wò, January 2026 sì bọ́ sí àárín kíláàsì kẹwàá yìí gan-an. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ta ilé tàbí ilẹ̀, kí ó ro ọdún tí èrè rẹ̀ yóò hàn nínú ìwé owó orí. Ẹ má sì kó owó pamọ́ sí orúkọ ọmọ, torí ìdá 20 nínú 100 owó tó wà lórúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń kà sí ohun tí ó lè san lọ́dún, nígbà tí ti òbí kò kọjá 5.64.

Owó tí a ń fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí wa ní Nàìjíríà kò ní àyè nínú FAFSA, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń mu apá ńlá nínú owó oṣù ọ̀pọ̀ wa. Èyí dùn mí. CSS Profile, fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó mìíràn tí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni kan ń béèrè, ní ibi tí ẹ ti lè ṣàlàyé rẹ̀, nítorí náà ẹ máa tọ́jú rìsíìtì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Austin

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín bẹ̀rẹ̀ sí kọ ohun tí ó ń ṣe lẹ́yìn kíláàsì sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù Common App, tí wọ́n fi ń béèrè àyè ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ní àyè mẹ́wàá fún un, ojúṣe nínú ẹbí àti iṣẹ́ olówó sì wà lára ohun tí wọ́n ń kà. Ọmọ tí ó ń mú àbúrò lọ sí ilé ìwé, tí ó sì ń se oúnjẹ alẹ́ torí pé ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn, ní ohun gidi láti kọ. Mo sì fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín, kí ẹ bi í ní ohun tí ó wù ú kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Ẹni tí ó fẹ́ràn ohun abẹ̀mí lè ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò, ó lè tọ́jú ẹranko, ó sì lè wọ iṣẹ́ ìlera àwùjọ.

Ìyá Moyọ̀, Houston

Ẹ ṣeun púpọ̀. Bàbá Moyọ̀ ti ka gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ti kọ̀wé sí olùkọ́ ìṣirò náà. Ìbéèrè kan ṣì kù: ilé ìwé ní ó lè ṣe ẹ̀kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì díẹ̀ láti háí sukúù. Ṣé kí ó gbà?

Agbaninímọ̀ràn, Dallas

Ó dára, mà, pàápàá bí ó bá jẹ́ yunifásítì ìjọba Texas ni ẹ ń fojú sí. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni kan kì í gba irú krédíìtì bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí pé máàkì rẹ̀ yóò wà nínú ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ títí. Kí ó fi ẹ̀kọ́ kan tí ó mọ̀ dáadáa bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì kọkànlá, kí ó má sì jẹ́ ìṣirò.