Ẹ wá sọ tiyín: ọjọ́ tí ẹ kó àwọn ọmọ wọ igbó kìjikìji

Tíṣà Ifẹ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Báyọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé girama ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ó ti lé lọ́dún mẹ́rìndínlógún. Ọdọọdún ni mò ń ya igbó kìjikìji sára bọ́ọ̀dù: igi gàgàrà lókè pátápátá, igi àárín lábẹ́ rẹ̀, igi kéékèèké nílẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kó àwọn ọmọ tèmi wọ inú rẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé àwòrán mi ò ní òórùn, kò sì ní ariwo.

Àsìkò ọlidé Ọdún Àjíǹde la lọ. Ìyàwó mi ló ní ká lọ wo Olúmirin, omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ọmọ Iléṣà ni òun, torí náà a kọ́kọ́ yà gbé Màámi, ìyá rẹ̀, ká tó gba ọ̀nà Àkúrẹ́ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Òṣómàáló, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní géètì. Màámi ná owó àbáwọlé. Wọn ò dín kọ́bọ̀. Nígbà tí a ń jáde lálẹ́, ó tún un ná.

Ìpele méje ni omi náà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Akinlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ló kọ́kọ́ rí i lọ́dún 1140, nígbà tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń ṣí kúrò n'Ífẹ̀. Ìyàwó mi bi mí pé ta ló ń ka ọdún òyìnbó nígbà náà. Mi ò dá a lóhùn. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé a máa gun méjèèje tán kí oòrùn tó wọ̀.

A ò tíì jìnnà sí ìpele kìíní tí orúnkún Màámi fi kọ̀. Ó wá ìtì igi kan tó ti wó jókòó lé. "Ẹ máa lọ. Èmi á máa wo igbó." Àjọkẹ́, ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní òun ò fi Màmá sílẹ̀. Bí àbúrò rẹ̀, Àlàbí, ṣe gbọ́ báyìí, òun náà jókòó. Kí n má parọ́, inú bí mi. Owó ìpele méje ni mo san, ìpele kan ni mo rí.

Ọ̀sán gangan ni, àmọ́ bí ìrọ̀lẹ́ ló rí lábẹ́ igi yẹn. Àwọn ewé òkè ti gba oòrùn tán, èyí tó ń kán dé ilẹ̀ ò ju ẹyọ-ẹyọ lọ, bíi ti àjà tó ń jò. Àlàbí wọ àárín ìdí igi ńlá kan, ó fara pamọ́, nítorí gbòǹgbò igi náà yọ síta bíi pátákó tí wọ́n gbé dúró. Ó bi mí pé kí ló dé tí igi yìí fi ní ògiri. Inú mi dùn, ìbéèrè mi nìyẹn! Mo ní ooru àti ọ̀rinrin ń tètè mú ewé tó bá já jẹrà, òkè ilẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ wà, igi sì ń yára fà á mu padà. Nítorí náà gbòǹgbò ń tẹ́ lọ ni, kì í jìn púpọ̀, ni igi bá ń yọ ògiri bẹ́ẹ̀ síta kó má baà wó.

Màámi ń gbọ́. Ó ní, "Ìdí nìyẹn tí oko tí wọ́n bá ṣẹ́ nínú ẹgàn fi ń ṣe dáadáa lọ́dún bíi mélòó kan, tí ilẹ̀ á sì ṣá. Igi tó ń bọ́ ọ ni wọ́n ti gé."

Ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹ̀yin èèyàn mi. Mi ò sọ ọ́ kúrú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mọ́ínmọ́ín eléwé la gbé lọ. Bí àwọn ọmọ ṣe ń tú u, Màámi ní kí wọ́n wo ẹ̀yìn wọn. Ewé eéran ló kún ibẹ̀ lọ súà. Ó fi igi ya ìdí rẹ̀, èso pupa kan sì wà nílẹ̀ pẹ̀tẹ̀, onígun mẹ́ta. Ó fọ́ ọ, kóró dúdú ló wà nínú, ohun kan tó ń yọ̀ bíi jẹ́lì sì lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọmọ lá a. Omi lásán tí wọ́n mu lẹ́yìn rẹ̀ dùn lẹ́nu wọn bí ẹni fi oyin sí i. Ẹ wò ó, mo mọ orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é, *Thaumatococcus daniellii*. Mo mọ̀ pé wọ́n ń yọ èròjà kan jáde lára èso yìí lókè òkun tó dùn ju ṣúgà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 2,000. Láti kékeré ni mo ti ń jẹ mọ́ínmọ́ín inú ewé rẹ̀. Èso náà, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fojú kàn án.

Lẹ́yìn náà la gbọ́ hùù, hùù lókè, bí ẹni ń fẹ́ná. Àgbìgbò méjì ló fò kọjá. Ọmọkùnrin tó ń mú àlejò gòkè sọ fún wa pé bí abo rẹ̀ bá fẹ́ yé ẹyin, inú ihò igi ló ń wọ̀, wọ́n á fi amọ̀ dí i mọ́ ibẹ̀, ó ku kíní tóóró tí akọ ń gbà fi oúnjẹ fún un títí ọmọ á fi dàgbà díẹ̀. Ìyàwó mi wò mí. "Ṣé ẹ gbọ́?" Mo ní mo gbọ́.

Ìjàlọ ló lé wa kúrò. Àlàbí lọ dúró sójú ọ̀nà wọn láìmọ̀, kí a tó pajú pẹ́ wọ́n ti gun itan rẹ̀. Ó bọ́ ṣòkòtò níwájú àwọn ọmọ yunifásítì kan tó ń ya fọ́tò. Èmi tí mo lọ gbé e, ṣòkòtò tèmi náà bọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Bí o bá fa ìjàlọ já, orí rẹ̀ á ṣì wà lára rẹ, á máa bù ọ́ jẹ lọ. Màámi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

A ò dé ìpele kejì. Tiyín ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Iléṣà

Ìjàlọ kẹ̀! Ẹ dúró kí wèrèpè kàn yín. Oko kòkó bàbá ọkọ mi la kó àwọn ọmọ lọ lọ́lidé Kérésì, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí èso wèrèpè ti gbẹ. Taiwo rí kíní kan tó ń dán lára ìtàkùn, ó gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Irun rẹ̀ bà lé àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí. Mo ní kí n fi omi ṣan án, ló bá tàn kálẹ̀. Bàbá ló fi epo pupa pa wá lára, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má họra. Ta ni ò ní họra?

Ọjọ́ náà kan náà ni Bàbá já àgbáyun fún àwọn ọmọ kí wọ́n lè dákẹ́ ẹkún. Wọ́n lá a, wọ́n sì fa ọsàn wẹ́wẹ́ mu bíi ọsàn dídùn. Nígbà tí wọ́n wọlé padà, Kẹ́hìndé gbé ọsàn wẹ́wẹ́ méjì lọ síléèwé láti fi ṣe fọ́ńté. Kò rántí gbé àgbáyun.

Awakọ̀ Ìjẹ̀ṣà

Mo máa ń gbé èrò lọ sí Ẹ̀rìn dáadáa. Ohun kan ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń kó ọmọ lọ mọ̀. Nígbà ọyẹ́, omi á fà, ẹ ó rí àpáta dáadáa. Nígbà òjò, ó lágbára, àpáta á sì máa yọ̀, ẹ wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú, kì í ṣe sálúbàtà. Tí ẹ bá sì rí i tí omi tó mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ẹ kó àwọn ọmọ jáde kíá. Láti òkè, ní ìhà Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ni omi náà ti ń bọ̀. Òjò lè ti rọ̀ lọ́hùn-ún kí ẹ̀kán kan má tíì kán lọ́dọ̀ yín.

Tíṣà Ifẹ̀

Ẹ ṣé o, Awakọ̀. Màámi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ń kà á sí wọn létí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ padà lọ nígbà ọyẹ́, orúnkún ti ń ṣe dáadáa. Wọ́n ní kí n bi yín pé èló lẹ máa gbà láti Iléṣà, àti pé iyekíye tí ẹ bá pè, àwọn máa ná an.