"Léfòó" ni, kì í ṣe "fò", "tutù" náà ò sì burú

Ẹ kú ìjíròrò o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀gbọ́n tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní ká pe hóró bíńtín tí wọ́n fi iná lésà gbé dúró lófuurufú ní "hóró tó ń fò", ká sì pe bí wọ́n ṣe ń mú un tutù ní "dídì". Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò fara mọ́ méjèèjì.

Nǹkan tó ń fò ń lọ síbì kan ni, eléyìí ò lọ síbì kankan. Nígbà tí Arthur Ashkin àti Dziedzic, àwọn onímọ̀ físíìsì, gbé hóró gíláàsì sókè ní 1971, ìsàlẹ̀ ni lésà yẹn ti ń tàn, ìmọ́lẹ̀ ń tì í sókè, ìwúwo ẹ̀ ń fà á wálẹ̀, ibi tí méjèèjì ti dọ́gba ló dúró sí. Bí igi ṣe ń léfòó lórí omi náà nìyẹn, ìwúwo igi ò lọ, omi ló ń gbé e. Torí náà, "hóró tó léfòó" ni ká pè é.

"Dídì" yẹn ló ká mi lára jù torí ó máa ṣi àwọn ọmọ tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì lọ́nà. Ní 2020, ní Vienna lórílẹ̀-èdè Austria, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mú hóró gíláàsì kan tó fẹ̀ tó nǹkan bíi nanomita 143 (nanomita kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà), wọ́n sì mú un rọlẹ̀ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí òfin kuántọ́mù, ìyẹn òfin tó ń darí àwọn nǹkan tó kéré jọjọ, ò ti ní jẹ́ kó rọlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ìgbọ̀nrìrì ẹ̀ ló rọlẹ̀ o! Ara gíláàsì yẹn gan-an ò di yìnyín, ó tiẹ̀ lè gbóná ju yàrá tó wà lọ, torí ó ń mu díẹ̀ lára ìmọ́lẹ̀ lésà, afẹ́fẹ́ tó máa gbé ooru yẹn lọ ò sì fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Ọ̀nà míì tún wà láti mú ìgbọ̀nrìrì ẹ̀ rọlẹ̀, wọ́n á máa ṣọ́ hóró náà, tó bá ń kúrò láàárín wọ́n á fi kún agbára lésà, tó bá ń padà bọ̀ wọ́n á dín in kù, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ara ẹ̀ á fi balẹ̀. Kí ló wá dì níbẹ̀?

"Tutù" tiwa ti gbé e já, ṣebí a máa ń sọ pé ọmọ kan tutù, a ò sọ pé òtútù ń mú un. "Mímú ìrìn tutù" ni mo dábàá, kí "ìrìn" wà níbẹ̀ kẹ́nikẹ́ni má bàa rò pé gíláàsì là ń sọ. Ní ti dídarí hóró náà, "ìkápá" ti tó.