"Commonality" nínú pírójẹ́ẹ̀tì: ẹ gbà mí o

Atẹ̀wé Under-G (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ títẹ̀wé àti fọ́tòkọ́pì ni mò ń ṣe níbí ní Under-G, lẹ́gbẹ̀ẹ́ LAUTECH. Àsìkò pírójẹ́ẹ̀tì la wà yìí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: ọ̀la ni wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, alẹ́ òní ni gbogbo wọn á jọ dé, iná á sì lọ.

Ọmọbìnrin kan gbé orí kejì tirẹ̀ wá. Ó ń fi ibà málaríà wé tàìfọ́ọ̀dù. Alábòójútó rẹ̀ fi bírò pupa kọ ọ́ sétí ìwé pé "discuss the commonality". Ni ọmọ yìí bá sọ "commonality" di iyọ̀, kò sí ọbẹ̀ tí kò bù ú sí. Ẹ wo díẹ̀ nínú ohun tó ní kí n tẹ̀:

"The commonality of malaria and typhoid are fever and headache."
"Malaria has commonality to typhoid."
"Both diseases share the same commonality in common."
"Fever is common in malaria and typhoid."

Èmi kì í tún ìwé oníwèé ṣe, ohun tí wọ́n bá kọ ni mò ń tẹ̀. Àmọ́ ọmọ náà ní kí n bá òun wò ó, pé ẹni tó ti ń tẹ Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọ̀mọ̀wé látọjọ́ pípẹ́ á ti mọ̀ ọ́n. Àwọn tó gbé Gẹ̀ẹ́sì náà wá pàápàá, ṣé gbogbo wọn ló gbọ́ ọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, èwo ni kí n fi sílẹ̀, èwo ni kí n pa rẹ́?

Ìyá Tíṣà (Ọ̀yọ́)

Atẹ̀wé, o kú iṣẹ́ o. Gẹ̀ẹ́sì ni mo kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì nílùú Ọ̀yọ́ níbí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ká sòótọ́, mi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. "Have in common" ti wà ńlẹ̀ tipẹ́, ó sì rọrùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n alábòójútó ló ni máàkì, ẹ jẹ́ ká tò ó bó ṣe yẹ.

Ohun tí nǹkan méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jọ ní ni "commonality". Ó ṣeé kà: ọ̀kan ni "a commonality", tó bá pọ̀, "commonalities". Ìdí nìyẹn tí gbólóhùn àkọ́kọ́ fi wọ́. "Two commonalities between malaria and typhoid are fever and headache." Ó parí.

Wo "between" tí mo fi síbẹ̀ yẹn dáadáa, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣubú. "Between" ló ń ṣíwájú àwọn tó jọ ní nǹkan náà. Bí wọ́n bá ju méjì lọ, "among" náà dára. Ohun tí wọ́n jọ ní gan-an ló sábà máa ń tẹ̀ lé "of": "commonality of purpose", "commonality of interest". Ìyẹn kì í sì í gba "s". "Commonality to" ní tiẹ̀, kò sí. Ó jọ pé "similar to" ló wà lọ́kàn ọmọ náà.

Ẹ̀kẹta, pa á rẹ́. "Share" ti sọ ọ́, "same" tún un sọ, "commonality" tún un sọ, "in common" tún wá dé. "Both diseases cause fever" ti tó.

Ẹ̀kẹrin ló dùn mọ́ mi jù, torí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ṣẹ̀, síbẹ̀ ó lè má jẹ́ ohun tó fẹ́ sọ. "Common in" ń sọ pé nǹkan wọ́pọ̀ níbì kan: "Malaria is common in Ogbomoso." "Common to" ń sọ pé méjèèjì ló ní i. Ẹni tó ń fi àìsàn méjì wéra, "Fever is common to malaria and typhoid" ni kó kọ.

Nígbà tí mo ń kọ́ wọn, àpẹẹrẹ ìlú yín ni mo máa ń lò: "Toyeje and Akintola had two things in common: both came from Ogbomoso, and both were Aare Ona Kakanfo." Àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ á fò dìde pé kí n má gbàgbé Aláàfin tó ń fi Ààrẹ jẹ! Ọmọ kan wá kọ "their mutual title". Rárá o. "Mutual" ń lọ, ó ń bọ̀: mo bọ̀wọ̀ fún ọ, ìwọ náà bọ̀wọ̀ fún mi, "mutual respect" nìyẹn. Tóyèjẹ ti kú tipẹ́tipẹ́ kí Akíntọ́lá tó joyè ní 1964. Kí ni wọ́n fẹ́ jọ ṣe fúnra wọn?

Nọ́ọ̀sì Sábó

Ẹ ṣé gan-an, Mà. Ṣùgbọ́n ibà méjèèjì kì í rìn bákan náà o. Ti málaríà sábà máa ń bá òtútù àti gbígbọ̀n wá, á wá di ooru àti òógùn. Ti tàìfọ́ọ̀dù tí wọn ò bá tètè tọ́jú, díẹ̀díẹ̀ ló ń gòkè lójoojúmọ́. Bó bá pè é ní "commonality", ṣé kò ní dà bíi pé ibà kan náà ni? "Similarity" ńkọ́?

Ìyá Tíṣà (Ọ̀yọ́)

Nọ́ọ̀sì, o bá a níbẹ̀. Ohun tó jọra tí kì í ṣe ọ̀kan náà ni "similarity". Pé àìsàn méjèèjì ń mú ara gbóná, "commonality" ni. Bí ara ṣe ń gbóná, ìyẹn yàtọ̀. Kó kọ ọ́ báyìí: "Fever is common to both, but its pattern differs." Ohun tó fà wọ́n náà kì í ṣe ọ̀kan: Plasmodium, kòkòrò àìfojúrí tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, ló ń fa ọ̀kan, bakitéríà inú oúnjẹ àti omi tó dọ̀tí ló ń fa èkejì. "They have symptoms in common, but not a cause." Ṣé ẹ rí i pé mi ò nílò "commonality" rárá níbẹ̀?

Ọmọ Àkẹ̀sán

Màmá, "share in common" yẹn, mo ń rí i nínú ìwé àwọn Òyìnbó fúnra wọn o. Ṣé a ò ti ń le koko jù?

Ìyá Tíṣà (Ọ̀yọ́)

O ń rí i lóòótọ́, ọmọ mi, kì í ṣe èèwọ̀. Ẹni tó bá sọ ọ́ lẹ́nu, mi ò ní dá a dúró. Àmọ́ níwájú ẹni tó mú bírò pupa dání, kí ni "in common" ń wá lẹ́yìn "share"?

Atẹ̀wé Under-G (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ ó pẹ́ fún wa. Mo fi han ọmọ náà, ó ní ó dára, àfi pé ó kúrú jù, ojú-ìwé òun á dín kù. Mo ní kó lọ fi àlàyé Nọ́ọ̀sì dí i. Ó ti jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù báyìí, ó ń kọ ọ́. Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ó ní kí n bi yín: ṣé orí fífọ́ wọn náà yàtọ̀ síra?