Wọ́n gbé ti aládùúgbò, wọ́n fi tèmi sílẹ̀: bíìnì ilé ní England

Ará Peckham:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè kan ló ń wá ṣáá látẹnu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: kí ló dé tí àwọn akódọ̀tí fi gbé ti bíìnì aládùúgbò, tí wọ́n fi tèmi sílẹ̀? Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wá sọ ọ́ síbí. England nìkan là ń sọ. Wales àti Scotland ní òfin tiwọn.

Kí n fi ti àwọ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ bíìnì kò ní ìtumọ̀ kan náà káàkiri. Búlúù tí wọ́n ń kó bébà sí ní ìlú kan lè jẹ́ ti ike àti ìgò ní ìlú kejì, nítorí káńsù (ìjọba ìbílẹ̀) kọ̀ọ̀kan ló ń yan tirẹ̀. Torí náà, ọ̀rẹ́ tó ń gbé níbòmíràn kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ bi. Ẹ lọ sí ìkànnì káńsù yín, ẹ tẹ póòsìkóòdù, kàlẹ́ńdà ilé yín máa jáde. Ìpín ni òfin fẹ́ kó dọ́gba: láti 31 oṣù Kẹta 2026, káńsù gbọ́dọ̀ máa kó ìdọ̀tí oúnjẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bébà àti páálí, ike pẹ̀lú agolo àti ìgò, àti ìdọ̀tí tó ṣẹ́kù. Wọ́n fún àwọn káńsù kan láfikún àsìkò, àwọn mìíràn sì ń kó bébà pọ̀ mọ́ ike. Ọ̀rá rírọ̀, bíi ti búrẹ́dì, di 31 oṣù Kẹta 2027.

Ará Salford:
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ti gbígbé síta ni tèmi. Ọ̀pọ̀ káńsù fẹ́ kí bíìnì ti wà létí ọ̀nà kí aago mẹ́fà tàbí méje àárọ̀ tó lù, torí náà alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kẹ́ ẹ gbé e síta. "Aago mẹ́wàá ni wọ́n máa ń dé" kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbára lé. Ọkọ̀ lè gba òdìkejì wọlé lọ́sẹ̀ yìí.

Kí ọwọ́ bíìnì kọjú sí títì, àfi tí káńsù yín bá ní kẹ́ ẹ ṣe é lọ́nà mìíràn. Ẹ wo etí iwájú bíìnì náà lókè dáadáa: ibẹ̀ ni eyín irin tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ń kọ́ kó tó gbé e. Bí ẹrù bá ti gbé ideri sókè, á dà sí títì kí bíìnì tó dorí kodò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ èyí tí kò pa dé. Àpò tí ẹ bá gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kò ní fọwọ́ kàn án.

Ẹ má gun orí ẹrù láti fẹsẹ̀ kì í mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ kàn máa ń yí bíìnì dorí kodò, á gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, ó parí. Èyí tó há sísàlẹ̀ á bá a padà wálé, ẹ ó sì máa bínú pé wọn ò gbé e rárá. Páálí tútù nígbà òtútù a máa dì mọ́ ara ike bákan náà. Iyẹ̀pẹ̀ àti bíríkì ń ṣẹ́ irin táyà, ẹ má dà á síbẹ̀.

Ará Thamesmead:
Ilé ìdáná ni ti àwa ti yàtọ̀ sí tòyìnbó. Garawa kékeré tí wọ́n ń fúnni fún oúnjẹ máa ń jẹ́ lítà 5 tàbí 7, èyí tó ń gbé ìta sì jẹ́ nǹkan bíi lítà 23. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, eegun ẹran, egungun ẹja, ẹ̀bà àná, ọbẹ̀ tó ti kan, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń lọ. Ẹ kọ́kọ́ sẹ́ omi ọbẹ̀ kúrò. Èèpo iṣu máa ń gba àyè, ẹ gé e wẹ́wẹ́.

Òróró tí a fi dín dòdò ni wàhálà. Bẹ́ ẹ bá dà á sí ojú ìfọ-abọ́, á dì nínú páìpù. Èyí tó kù fẹ́ẹ́rẹ́ nínú páànù, ẹ fi bébà ìnùwọ́ nù ún. Bó bá pọ̀, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ rọ ọ́ padà sínú ike tó ti wá, ẹ dé e pinpin, ẹ gbé e lọ sí ibùdó ìdalẹ̀ káńsù. Ọ̀pọ̀ wọn ní àgbá òróró.

Ike epo pupa lítà 5 ńkọ́? Ẹ dà á dojú dé orí abọ́ mọ́jú kí epo tó kù lè ro tán. Lówùúrọ̀, ẹ bu omi gbígbóná bí ìdajì ife sí i, ẹ kán ọṣẹ sí i, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, ẹ dà á nù, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ara ike bá ṣì pọ́n, kò burú. Èyí tí epo ṣì ń kán lára rẹ̀ ni kò dáa, torí á ba gbogbo bébà tó bá pàdé nínú ọkọ̀ jẹ́.

Ìdin: nígbà ooru, ẹyin eṣinṣin lè pa láàárín ọjọ́ kan. Ẹ fi ìwé ìròyìn wé oúnjẹ tàbí kẹ́ ẹ lo ọ̀rá tí káńsù fọwọ́ sí. Egungun ẹja lè wà nínú fírísà títí di alẹ́ tí ẹ máa gbé garawa jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ ti ọwọ́ garawa síwájú kó fi ti ideri pa, nítorí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Lọ́ńdọ̀nù mọ ọjọ́ ìdọ̀tí jù wá lọ.

Ará Dagenham:
Àǹtí, ẹ kú àlàyé. Ní ti àtúnlò, ẹni tó bá mọ bí ilé tí wọ́n ti ń ya ẹrù náà sọ́tọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ní máa há òfin sórí. Orí bẹ́líìtì tó ń sáré ni ẹrù ń bọ́ sí. Òṣìṣẹ́ á kọ́kọ́ fọwọ́ yọ ohun tó burú. Àgbá oníhò tó ń yí á ya ńlá kúrò lára kékeré. Òòfà á fa agolo tòmátò. Ẹ̀rọ mìíràn á ta agolo mínírà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ò lè rí ló ń dá oríṣi ike mọ̀, afẹ́fẹ́ á sì fẹ́ kálukú síbi tiẹ̀.

Ẹ wá wo ike dúdú: èédú tí wọ́n fi pa á láró gbé ìmọ́lẹ̀ yẹn mì, ẹ̀rọ ò rí i. Ẹ wo àpò dúdú tí a so lẹ́nu: kò sẹ́ni tó máa dúró tú u, wọ́n á jù ú nù tòun ti ìgò rere tó wà nínú rẹ̀. Èyí gan-an ló pọ̀ jù nínú àṣìṣe tiwa. Ẹ tú ẹrù àtúnlò sínú bíìnì láìdì í. Àpò ìrẹsì tó jẹ́ híhun kì í ṣe bébà, ike ni. Á lọ́ mọ́ irin tó ń yí, wọ́n á dá ẹ̀rọ dúró kí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Okùn, wáyà àti aṣọ ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Abọ́ díńgí tó ń wọ ààrò kì í yọ́ níbi tí ìgò ti ń yọ́. Bébà tí wọ́n fi di ẹ̀bùn, ẹ rún un lọ́wọ́: bó bá ṣí padà, ọ̀rá wà lára rẹ̀.

Pámpásì sì rèé, inú ìdọ̀tí tó ṣẹ́kù ló ń lọ, ibi yòówù tí wọ́n bá ya àmì àtúnlò sí lára páálí rẹ̀.

Ará Luton:
Bátìrì àti vape (sìgá oníbátìrì), ẹ má jù wọ́n sínú bíìnì kankan. Ọkọ̀ máa ń fún ẹrù pọ̀, bátìrì lithium tó bá fọ́ níbẹ̀ á gbiná láàárín bébà. Ṣọ́ọ̀bù tó bá ń ta ju kìlò 32 bátìrì lọ lọ́dún, òfin ní kó gba èyí tó ti kú lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi sẹ́lótéèpù bo orí wọn kẹ́ ẹ tó kó wọn jọ.

Àga àti fíríìjì: ẹ sanwó fún káńsù kó wá gbé e, tàbí kẹ́ ẹ gbé e lọ fúnra yín. Bó bá jẹ́ ọkùnrin oníváànù lẹ fẹ́ pè, ẹ gba nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akódọ̀tí kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì Environment Agency (àjọ ìjọba tó ń bójú tó àyíká), ẹ gba rìsíìtì, ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀. Bó bá lọ dà á sínú igbó, ìtanràn tó lè dé £600 lè wá bá ẹ̀yin tí ẹ gbé e fún un.

Ará Peckham:
Ẹ ṣé gan-an, bọ̀dá. Èyí tó bá ń gbé fúláàtì, bíìnì àtúnlò lítà 1,100 tí ilé ogún ń lò pọ̀, pámpásì ẹnì kan tó láti jẹ́ kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀. Àgbàlagbà tàbí aláìsàn tí kò lè fa bíìnì, kó béèrè lọ́wọ́ káńsù pé kí wọ́n máa wá gbé e lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Bí wọ́n bá ti fò yín, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ bíìnì: bí káàdì bá wà níbẹ̀, á sọ ohun tí wọ́n rí. Ẹ yọ nǹkan náà kẹ́ ẹ dúró de ìgbà mìíràn. Bí kò bá sí káàdì, tí bíìnì gbogbo àdúgbò sì ti ṣófo, ẹ fi í síta, ẹ jábọ̀ lórí ìkànnì lọ́jọ́ náà tàbí ọjọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ káńsù kì í gba ẹjọ́ tó bá ti kọjá ọjọ́ méjì.