Ìṣajà ni mo fara mọ́, kì í ṣe ìyanjà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú àjọsọ o. Ọ̀gá wa tó dá ọ̀rọ̀ orúkọ tí a ó máa pe iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí ní Yorùbá sílẹ̀ ní kí a máa pe iṣẹ́ àwọn tó ń gba lísìtì oníbàárà, tí wọ́n ń kó ohun tó wà nínú rẹ̀ jọ ní ilé ìkẹ́rùsí, ní "ìyanjà". Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ yẹn ò bá mi lára mu.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi tajà ní Àgbẹni, n'Ìbàdàn níbí. Oníbàárà á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á máa pè é: mílíìkì páálí méjì, súgà mẹ́ta, ọṣẹ ọ̀kan. Èmi á kọ ọ́ sára páálí tó ti ya, ó di inú sítọ́ọ̀. Ta ló yan ọjà nínú àwa méjèèjì? Òun ni. Èmi ń ti ìdí pẹpẹ kan bọ́ sí ìdí òmíràn, mò ń ṣà á, bí ọmọdé ṣe ń ṣa ẹ̀kùrọ́ lábẹ́ ọ̀pẹ. A ní rajà, a ní tajà. Kí ni ṣajà ṣe?

Ẹnì kan dá "he" lábàá. Ohun tó bọ́ sílẹ̀ là ń he. Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà gbọ́ pé ẹnì kan ń he ọjà òun o! "Já" náà kọ́, torí inú ọkọ̀ la ti ń já ọjà. Lóòótọ́, ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà ń yọ òkúta dànù ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣa igi, ilé ló ń gbé e lọ.

Ìrìn tó wà nínú "ṣà" ló wù mí jù. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ní ìrìn nìkan máa ń gba bí ìdajì àkókò aṣajà. Ní sítọ́ọ̀ tiwa, mílíìkì tó ń tà jù ni a tò sẹ́yìn pátápátá, fúláàsì tí a kì í tà tó ọ̀kan lọ́sẹ̀ wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ tí a pààrọ̀ wọn ni ẹsẹ̀ mi sinmi.

"Ìmúgbòòrò àyè" tí wọ́n ní kí a máa pe bí ilé ìkẹ́rùsí ṣe ń gba ẹrù sí i náà ńkọ́? A ò fi ẹsẹ̀ bàtà kan kún ilẹ̀ sítọ́ọ̀ wa. Káfíńtà ló kan pẹpẹ mọ́ ògiri dé abẹ́ àjà, ni páálí tó ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá wọlé. Kò gbòòrò, ó ga ni. Ohun tí ilé lè gbà, "ìgbẹrù" ni mo dábàá fún un. Kí ẹ ṣọ́ ohùn rẹ̀ o, "ìgbẹ́rù" ti aláàárù ni.

Ẹ gbé méjèèjì sínú gbólóhùn kan, kí ẹ gbọ́ ọ wò: ìgbẹrù wa lọ sókè, ìṣajà wa sì falẹ̀, torí àkàbà kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń jà dù.